Ẹní Ìyá Rẹ Tó Wà Nílé Sabira

Nurzat,

Mo ti lọ kó àwọn àgùntàn sọ̀ kalẹ̀ láti pápá òkè kí yìnyín tó dé. Búrẹ́dì wà lábẹ́ aṣọ. Gé ápù tó kù, kí o sá a sórí òrùlé. Èyí tó bá ti ń rà, kí o fi ṣúgà sè é.

Sabira tó wẹ òkú ìyá rẹ wá láàárọ̀ yìí. Ẹní irun àgùntàn ìgbéyàwó rẹ, tí ìyá rẹ ti gé àwòrán ìwo àgbò rẹ̀ ṣùgbọ́n tí kò rán tán, wà nínú ẹrù aṣọ ìyá rẹ tí o dì fún un. Mo mọ̀ pé o kò wo inú ẹrù náà. Ojú rẹ kò gbẹ lọ́jọ́ náà.

Sabira ní, "Bàbá Nurzat, ẹ gbà á. Ti ìyàwó nìyí, kì í ṣe ti òkú."

Mo ní ohun tí a bá fún ẹni tó wẹ òkú kì í padà wálé.

"Ẹ̀yin àti orí kunkun yín. Ojú mi ò rí ihò abẹ́rẹ́ mọ́. Ta ló máa rán an?"

Ìwọ ni. Mú abẹ́rẹ́ ìyá rẹ, kí o lọ máa rán an nílé Sabira lọ́sẹ̀ yìí. Bí o bá parí rẹ̀, tẹ́ ẹ sílẹ̀ fún un, kí o sì máa bọ̀ nílé.