Ìbéèrè Méjìlélógún Tí Mọ́yọ̀ọ̀lá Ì Bá Má Dáhùn

Ṣọ́ọ̀bù Adéògún Káfíńtà,
Ẹ̀yìn Ọjà,
Ìsàlẹ̀ Ọ̀pẹ.
Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù kẹfà.

Mọ́yọ̀ọ̀lá ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ? Ṣé àwọn ará Padova tí o wà láàárín wọn kò yọ ọ́ lẹ́nu? Àwa níhìn-ín wà láàyè, oúnjẹ ń wọlé sẹ́nu, òjò sì ń rọ̀ bó ṣe yẹ kó rọ̀. Ọlọ́run tó mú ọ kọjá òkun kò ní fi ọ́ sílẹ̀ sí èbúté. O sọ lórí fóònù pé ooru ń mú lọ́hùn-ún débi pé àwọn àgbàlagbà ń dákú lójú títì. Mo mọ̀ pé o fẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀ ni, nítorí gbogbo ayé ló mọ̀ pé òtútù ló wà nílùú òyìnbó, nítorí náà mo fi síwẹ́tà kan sínú ẹrù tó ń bọ̀, kí o máa wọ̀ ọ́ sábẹ́ aṣọ.

Ẹ̀rínọlá ọ̀rẹ́ rẹ, tó ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ tòmátò ní Parma, ní Ítálì lọ́hùn-ún, ló ń mú lẹ́tà yìí bọ̀. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tó ti wálé wá sinmi, ojoojúmọ́ ló sì ń yà kí wa. Ọbalolúwa àbúrò rẹ ní kí n má wulẹ̀ kọ lẹ́tà, kí n fi ohùn ránṣẹ́ lórí Wọ́sáàpù. Mo gbìyànjú rẹ̀. Mo kí ọ, mo sì dákẹ́ kí o lè dá mi lóhùn. Ọbalolúwa ní ìṣẹ́jú méje ni mo fi dákẹ́, àti pé ó ti lọ bẹ́ẹ̀. Bí o bá gbọ́ ìdákẹ́jẹ́ kan nínú fóònù rẹ tí adìyẹ ń ké lẹ́yìn rẹ̀, èmi ni.

Kí n kọ́kọ́ tọrọ àforíjì lórí ọ̀rọ̀ èṣí. Nígbà tí o pè wá ní oṣù kẹwàá pé graduatoria ti jáde, mo rò pé gíráàdúéṣọ̀n ni. Ó yà mí lẹ́nu díẹ̀ pé oṣù kẹsàn-án lo ṣe ìdánwò àtiwọlé ẹ̀kọ́ ìṣègùn, oṣù kẹwàá o ti gboyè, ṣùgbọ́n mo ní iná kì í lọ lọ́dọ̀ wọn, wọn á ti máa kàwé láìsinmi. Mo sọ fún Morákinyọ̀ tó ń ta ìṣó àti sìmẹ́ńtì níwájú ṣọ́ọ̀bù mi, Morákinyọ̀ sì fi tó gbogbo ọjà létí. Mo kun pátákó ṣọ́ọ̀bù mi lọ́tun, mo fi ọ̀dà pupa kọ Bàbá Dókítà sábẹ́ orúkọ mi. Ẹ̀rínọlá ló ṣẹ̀ṣẹ̀ là mí lóye pé orúkọ gbogbo àwọn tó ṣe ìdánwò ni wọ́n ń tò sínú graduatoria náà, láti orí ẹni tó mọ̀ ọ́n jù, pé wọ́n wá fa ìlà sábẹ́ ẹni tí àyè kàn kẹ́yìn, orúkọ rẹ sì bọ́ sísàlẹ̀ ìlà. Máàkì méjì péré ló kù. Ó ní ẹnu rẹ kò gbà á láti sọ fún mi nígbà tí o gbọ́ bí mo ṣe ń yọ̀. Mo ti yọ pátákó náà kúrò níta, ṣùgbọ́n orúkọ kò ṣeé yọ lẹ́nu ènìyàn, Bàbá Dókítà ni wọ́n ṣì ń pè mí.

Ẹ̀rínọlá ní o fẹ́ tún ìdánwò náà ṣe ní oṣù kẹsàn-án tó ń bọ̀, pé ìgbà ìkẹyìn nìyí, bí kò bá bọ́ sí i, wàá gba iṣẹ́ ẹrù gbígbé tí wọ́n fi lọ̀ ọ́, wàá sì gbàgbé ọ̀rọ̀ dókítà. Ó ní ọdún yìí lo fi ń fún ìwé rẹ lágbára. Inú mi dùn sí ìyẹn, nítorí ó bọ́ sínú iṣẹ́ mi. Mo kó ẹ̀dà gbogbo sáátífíkéètì rẹ, mo ní kí wọ́n fi ọ̀rá bò wọ́n, mo sì fi pákó ìrókò kan àpótí fún wọn, mo fi irin de igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ìwé tó bá wà nínú rẹ̀ kò lè ya, ikán kò sì lè jẹ ẹ́. Ẹ̀rínọlá gbé e wò, ó ní kílò mọ́kànlá ni, ó ní orí kọ̀ǹpútà ni ìwé ń gbà wọlé, láti ibì kan tí wọ́n ń pè ní portale. Mo bi í pé kí ni portale, ó ní bí ẹní ń sọ pé ìlẹ̀kùn ńlá ni. Ọdún mẹ́tàdínlógójì ni mo ti ń ṣe ìlẹ̀kùn, mo bi í bó ṣe fẹ̀ tó, kò mọ̀ ọ́n. Ó ní léṣìí, nígbà tó ku ọjọ́ kan kí wọ́n tì í, gbogbo èrò rọ́ lù ú lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì há. Mọ́yọ̀ọ̀lá, ìlẹ̀kùn tó bá há, òjò ló ti wọ̀ ọ́ lára. Má fi agbára tì í. Fi àbẹ́là pa etí rẹ̀ lókè àti nísàlẹ̀, kí o sì lọ kí èrò tó dé.

Ẹ̀rínọlá tún ní gbogbo Sátidé lo ń bá àwọn ọlọ́kọ̀ tó ń gbé aláìsàn ṣiṣẹ́ láìgba kọ́bọ̀, volontariato ni wọ́n ń pè é. Ara mi kò kọ́kọ́ gbà á. Mo bi í bóyá wọ́n fi ọ́ ṣe ìwọ̀fà ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ẹni tó bá fẹ́ di dókítà gbọ́dọ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń gbé aláìsàn, èdè Ítálì sì tún ń dán mọ́nrán lẹ́nu rẹ nípasẹ̀ rẹ̀. Ó yé mi wàyí pé ẹ̀kọ́ṣẹ́ ni. Èmi náà sin ọ̀gá mi fún ọdún mẹ́rin, èmi ni mo ń fọ aṣọ rẹ̀. Bá mi béèrè ọjọ́ fírídọ̀mù rẹ lọ́wọ́ wọn, kí a lè tètè múra. Ó ní lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè o ń tẹ̀ lé dókítà obìnrin kan káàkiri ọsibítù bí òjìji, pé wíwò lásán ni o ń wò ó. Ìyẹn náà dára. Ṣùgbọ́n bó bá jókòó jẹun, kí ìwọ náà jókòó jẹun, nítorí òjìji kì í dúró nígbà tí ẹni tó ni ín bá jókòó.

Èyí tí mo tìtorí rẹ̀ mú bírò ni mo ń bọ̀ wá sọ yìí. Ẹ̀rínọlá ṣàlàyé ìdánwò náà fún mi. Ọgọ́ta ni ìbéèrè. Èyí tí o bá gbà, máàkì kan àti ààbọ̀. Èyí tí o bá ṣì, wọn á yọ díẹ̀ tí kò tó ààbọ̀ kúrò nínú èyí tí o ti ní. Èyí tí o bá fi sílẹ̀ lófìfo, wọn kò fún ọ, wọn kò sì gbà lọ́wọ́ rẹ. Ó ní gbogbo ẹni tí òun mọ̀ tó ṣe é ló fi òfìfo sílẹ̀, ìwọ nìkan lo dáhùn ọgọ́ta. Méjìdínlógójì lo mọ̀. Méjìlélógún ni o kò mọ̀ rárá, físíìsì ló pọ̀ jù nínú wọn, o sì dáhùn gbogbo wọn. Mo kó ìṣó sórí bẹ́ǹṣì, mo fi ń ṣe ìṣirò. Mẹ́ta ṣèèṣì bọ́ sí i, mọ́kàndínlógún já sódì. Nígbà tí mo yọ èyí tó yẹ kí n yọ tán, mo rí i pé ká ní o pa ẹnu mọ́ ni, ò bá ti wọlé.

Mo bi í pé kí ló fà á. Kò fẹ́ sọ, ìyá rẹ ló bẹ̀ ẹ́ títí kó tó sọ. Ó ní o sọ fún òun pé bí o bá ti dé ibi tí o kò mọ̀, ṣe ló ń dà bíi pé èmi ni mo dúró lẹ́yìn àga rẹ tí mo ń retí ẹnu rẹ, o kò sì lè dákẹ́ fún bàbá rẹ.

Mo rántí ọjọ́ tó ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni ọ́. Àlejò wà nílé, mo fẹ́ fi ọ́ yangàn, mo bi ọ́ bí pákó tó wà nílẹ̀ ṣe gùn tó. O dákẹ́. Mo bi ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, ilẹ̀ lo ń wò. Mo ní àfojúdi ni, kí àgbà béèrè ọ̀rọ̀ kí ọmọdé dúró bí ère, mo ní kí o kúnlẹ̀, o sì wà lórí ìkúnlẹ̀ títí àwọn àlejò fi lọ. Láti ọjọ́ náà, kò sí ohun tí mo bi ọ́ tí o kò dáhùn, mo sì ń sọ káàkiri pé ọmọ mi kì í wá ọ̀rọ̀ tì. N kò wádìí rí bóyá òótọ́ ni àwọn ìdáhùn náà. Ó dùn mí, Mọ́yọ̀ọ̀lá. Ọjọ́ méjì gbáko ni mo fi gé pákó kan ṣoṣo.

Bí a bá sì fẹ́ sọ òótọ́, ọ̀dọ̀ mi lo ti jogún rẹ̀. Nígbà tí Adémilúyì oníbàárà mi ń kọ́ ilé alájà rẹ̀, ó bi mí bóyá mo mọ àtẹ̀gùn tó ń yí bí ìkarahun ìgbín ṣe. N kò rí irú rẹ̀ rí láyé mi, ṣùgbọ́n ó ti béèrè, mo sì ní mo mọ̀ ọ́n ṣe. Àtẹ̀gùn náà wà níbẹ̀ dòní. Ó yí lẹ́ẹ̀mejì, ó sì dojú kọ ògiri. Àkàbà ni Adémilúyì fi ń gun òkè ilé rẹ̀ láti ẹ̀yìnkùlé, ó sì ń kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ìyẹn gan-an ló ń dùn mí jù.

Ẹ̀rínọlá wá sọ fún mi nípa bàbá Lorenzo, arúgbó tí wọ́n gbà ọ́ síṣẹ́ láti máa tọ́jú, pé lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, wọ́n máa ń ka ìbéèrè àwọn ọdún tó ti kọjá fún ọ. Ó ní bí a bá bi wọ́n ní ohun tí wọn kò mọ̀, wọn a gbé èjìká méjèèjì sókè, wọn a ní boh, ọ̀rọ̀ bùṣe. Mo bi í pé àgbàlagbà ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún ni? Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ó ní àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n wọn pàápàá ń ṣe é, kò sì sẹ́ni tó ń ní kí wọ́n kúnlẹ̀. Ó ní bàbá náà ń fi kọ́ ọ, pé ibi tí o kò bá mọ̀, kí o ní boh kí o sì kọjá, ṣùgbọ́n ó ń ṣòro fún ọ. Mo lọ gbìyànjú rẹ̀ níwájú dígí. Ìyá rẹ wọlé bá mi, ó rò pé ọrùn mi ló gan, ó fi òrí ra èjìká mi fún ọjọ́ mẹ́ta kí n tó ráyè ṣàlàyé.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, Morákinyọ̀ bi mí lójú gbogbo oníbàárà rẹ̀ pé ìgbà wo ni dókítà wa ń bọ̀ wá ṣí ọsibítù. Ìdáhùn ti wà lẹ́nu mi. Mo gbé èjìká. Mo ní n kò mọ̀, mo ní kò tíì di dókítà, kò tíì wọlé, ó ń múra àtitún ìdánwò ṣe ni. Kò sí ohun tó ṣe mí. Morákinyọ̀ wá ní Ọláńrewájú ọmọ òun tó wà ní Cuneo, tí òun ti ń sọ pé ó ń ṣiṣẹ́ báńkì, èso ló ń ká. Ó ra mínírà fún mi, a jókòó sórí àpò sìmẹ́ńtì, a mu ún.

Nítorí náà mo fi ìwé yìí tú ọ sílẹ̀. Bí o bá jókòó ní oṣù kẹsàn-án, èmi kọ́ ló dúró lẹ́yìn àga rẹ, inú ṣọ́ọ̀bù mi ni mo wà. Ibi tí o bá mọ̀, dáhùn. Ibi tí o kò bá mọ̀, pa ẹnu mọ́, kì í ṣe àfojúdi. Bí ẹnikẹ́ni nínú gbọ̀ngàn bá bi ọ́ ìdí tí o fi dákẹ́, sọ pé bàbá rẹ ló yọ̀ǹda. Mo ti fọwọ́ sí i nísàlẹ̀, mo sì ti lu òǹtẹ̀ ṣọ́ọ̀bù mi mọ́ ọn, kí o mú un dání wọlé.

Ní ti owó, ayùn mi ti káyín, òrùlé ilé ìdáná sì ń jò. Bí o bá rí nǹkan, fi rán Ọbalolúwa, má fi sí báńkì mi, nítorí ọmọbìnrin tó wà níbẹ̀ ní kí n fi ojú mi han fóònù kí owó tó lè jáde, mo fi ojú hàn án, fóònù ní kì í ṣe èmi. Bí kò bá sì sí, fò ó kọjá, n kò ní yọ nǹkan kan.

Ó ku ẹyọ kan. Ìyá rẹ jókòó tì mí bí mo ti ń kọ ọ́. Ọdún mẹ́rin ló ti ń bi ọ́ lórí fóònù pé ìgbà wo lo máa wálé, ọdún mẹ́rin náà lo ti ń dá a lóhùn pé Kérésìmesì. Bí oṣù kejìlá bá ti dé, a fọ yàrá rẹ, a tẹ́ aṣọ tuntun sórí bẹ́ẹ̀dì. Bó bá di oṣù kìíní, a ká a padà, ìyá rẹ kì í sì í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Èmi rò pé ọyẹ́ ló ń mú un. Àná ni mo tó bi í, ó ní kì í ṣe ọyẹ́. Ó ní òun mọ̀ pé o kò mọ̀, pé o kàn ń wá nǹkan sọ kí òun má baà gbọ́ ìdákẹ́jẹ́ ni. Ó ní kí n kọ ọ́ síbẹ̀ pé bí òun bá tún bi ọ́, kí o sọ pé o kò mọ̀. Ó ní ìyẹn, òun lè dúró dè é. Kérésìmesì ni òun kò lè dúró dè mọ́.

Ọlọ́run yóò jẹ́ kí èyí tí o mọ̀ pọ̀ ju èyí tí o kò mọ̀ lọ. Òun tó mọ gbogbo rẹ̀ yóò bá wa dáhùn èyí tí a fi sílẹ̀.

Èmi ni bàbá rẹ,
Adéògún Káfíńtà.