Igi Tí A Kò Gbìn

Ọjọ́ Ajé, 1 Oṣù Kẹsàn-án, 2025. Oǹdó.

Lẹ́tà ti dé láti Àkúrẹ́. Ọjọ́ kejìdínlógún ni ìpàdé. Kí ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan kó ìṣirò èéfín rẹ̀ wá, kí ẹni tó ṣe é dìde kà á síta. Èmi nìyẹn. Ọdún kejì rèé tí ìjọba àti àwa ilé iṣẹ́ aládàáni ti jọ ń ṣe é. Kò sí òfin tó mú wa ní dandan, ìfínnúfíndọ̀ ni. Dísẹ́ẹ̀lì tí jẹnẹrétọ̀ ń mu, epo lọ́rì, igi tí a ń kó sínú bọ́ílà láti fi yan kòkó — gbogbo ohun tó ń rú èéfín tó ń mú ayé gbóná, kí n wá iye rẹ̀ ní tọ́ọ̀nù. Lọ́dún tó kọjá a gba àmì ẹ̀yẹ. Ó wà lára ògiri, lókè orí Ẹlẹ́rìn-ín. (Ọ̀gá wa, Ọ̀gbẹ́ni Akíntóyè. Inú ìwé yìí nìkan ni mo ti ń pè é bẹ́ẹ̀.)

Ọjọ́rú, 3

Ọkàn mi ò balẹ̀ nítorí igi. Ìlànà wọn ni pé bí igi tí ẹ dáná sí bá jẹ́ èyí tí ẹ gbìn, tí ẹ sì ń gbin òmíràn dípò rẹ̀, kò ní wọ inú àròpọ̀; èyí tó ń hù á fa èéfín èyí tó jó padà. Lọ́dún tó kọjá, òdo ni mo kọ síwájú igi. Òdo! Torí pé fọ́ọ̀mù kan wà tó sọ pé a dá oko tíìkì lọ́dún 2021 lọ́nà Bọ́lọ́rundúró. Bọ̀ọ̀dá Reuben ló buwọ́ lù ú — ẹ̀gbọ́n mi, òun ló ń gé igi fún ilé iṣẹ́. N kò dé oko náà rí.

Lónìí wọ́n já igi sílẹ̀, mo sì kọjá níbẹ̀. Ìtì igi funfun, apá mi méjèèjì ò ká a. Tíìkì ọdún mẹ́rin kì í tóbi tó bẹ́ẹ̀. Arère ni, igi inú igbó.

Àbámẹ́ta, 6

Mo gun ọ̀kadà lọ sí Bọ́lọ́rundúró. Òjò ti ba ọ̀nà jẹ́. Mo béèrè oko tíìkì lọ́wọ́ obìnrin kan tó ń sá kòkó, Nímọ́tà lorúkọ rẹ̀. Ó ní, "Tíìkì bí ti báwo? Ẹ wá wo nǹkan." Ó mú mi gba ẹ̀yìn oko rẹ̀.

Kùkùté. Kùkùté. Mo ka mọ́kànlélọ́gọ́rin, ó sú mi. Igbó àtijọ́ ni, òun ló ń ṣíji bo kòkó wọn. Ewé kòkó rẹ̀ ti gbẹ. Ó ní odò tí àwọn ń pọn gbẹ lẹ́ẹ̀rùn tó kọjá, irú rẹ̀ ò ṣẹlẹ̀ rí látìgbà tí òun ti wọlé ọkọ. "Ṣé ìjọba ló rán yín?" Mo ní rárá. N kò lè sọ ẹni tó rán mi.

Kò sí igi kan tí a gbìn. Ẹyọ kan ṣoṣo.

Àìkú, 7

N kò lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ní orí ń fọ́ mi. Irọ́ ni.

Ìṣẹ́gun, 9

Mo tún ìṣirò ṣe. Igi wọlé, àròpọ̀ wa di ìlọ́po mẹ́ta. Mo gbé e lọ fún Ẹlẹ́rìn-ín. Ó kà á tán, ó rẹ́rìn-ín. "Olúrántí, ta ló rán ọ wọ igbó?" Mo ní mo kàn fẹ́ kó péye ni, sà. Ó ní fọ́ọ̀mù ẹ̀gbọ́n mi wà nílẹ̀, kí n lò ó. Àwọn tó ń ra kòkó wa lókè òkun ń wo nọ́ńbà yìí. Igba èèyàn ló ń jẹun níbí. Mo ní n kò lè buwọ́ lù ú.

Ó wá sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́: "Bí irọ́ bá wà níbẹ̀, Reuben ló pa á. Òun ni ọlọ́pàá á wá mú. Lọ rò ó." Ẹ̀rín ò kúrò lẹ́nu rẹ̀.

Mo kó ìṣirò mi, mo jáde.

Ẹtì, 12. Àkúrẹ́.

Mo lọ bá Ìyáàfin Fọláṣadé — Màmá Onígíláàsì — òun ló ń bójú tó ètò náà fún ìjọba. Mo tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀. Mo rò pé á fò dìde. Ó bọ́ gíláàsì, ó ń nù ún, ó ń nù ún. Ó ní, "Ọmọ mi, ilé iṣẹ́ mọ́kànlá péré la ní. Èmi ni mo bẹ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Tiyín ló tóbi jù. Tí ojú bá tì wọ́n, wọ́n á jáde, àwọn mìíràn á tẹ̀ lé wọn, n kò sì ní okùn tí mo lè fi so wọ́n. Ṣé èyí tó mẹ́hẹ ò sàn ju kò sí rárá lọ?"

Mo ní igbó ń tán, mà.

Ó ní, "Mo mọ̀." Ìyẹn nìkan.

Mo sunkún nínú ọkọ̀ títí a fi kọjá Òwénà. Obìnrin tó jókòó tì mí rò pé mo ṣòfò. Ó ní kí Ọlọ́run tù mí nínú. Mo ṣe àmín.

Àìkú, 14

Mo lọ sílé Bọ̀ọ̀dá Reuben lẹ́yìn ìsìn. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà tí bàbá wa kú. Òun ló fi ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀, tó ń gégi, kí n lè kàwé. Mo bi í nípa tíìkì. Ó ní, tíìkì kẹ̀? Mo ní, ẹ buwọ́ lùwé pé ẹ gbìn ín.

Ó ní, "Rántí, ìwọ lo mú ìwé yẹn wá. Ìloro yìí lo dúró sí. Gẹ̀ẹ́sì ni, mo bi ọ́ pé kí ló wí. O ní, 'Ẹ ṣáà buwọ́ lù ú, Bọ̀ọ̀dá, ìwé lásán ni, mo ń kánjú.'"

Olúwa mi o. Òótọ́ ni. Ẹlẹ́rìn-ín ló fi rán mi, ọkọ̀ ń dúró dè mí, n kò tilẹ̀ ṣí i wò. Mo ti gbàgbé pátápátá.

Ó ní, "Ibi tí wọ́n ní kí n gé ni mo gé. Kò sẹ́ni tó ní kí n gbin nǹkan kan." Ó tún ní, "Ṣé wọ́n á mú mi?"

Bí ọmọdé ló ṣe béèrè rẹ̀.

Ìṣẹ́gun, 16

Ẹlẹ́rìn-ín ti tẹ ìjábọ̀ tirẹ̀. Orúkọ mi ló wà nísàlẹ̀. Òdo síwájú igi.

Ọjọ́bọ̀, 18. Àkúrẹ́.

Mo kà á. Tèmi, kì í ṣe tirẹ̀. Mo ka tọ́ọ̀nù igi, mo sọ ti kùkùté, mo dé orí fọ́ọ̀mù náà. Mo ní, "Ẹni tó buwọ́ lù ú ò mọ ohun tó wà níbẹ̀. Èmi tí mo mọ̀wé ni mo gbé e fún un, n kò kà á fún un. Èmi ni kí ẹ bi."

Màmá Onígíláàsì dorí kodò. Ẹlẹ́rìn-ín dìde, kò rẹ́rìn-ín. Ó ní ilé iṣẹ́ wa ti jáde nínú ètò náà láti òní lọ. A fínnúfíndọ̀ wọlé, a fínnúfíndọ̀ jáde. Kó tó dé ẹnu ọ̀nà, aṣojú ilé iṣẹ́ méjì mìíràn ti dìde tẹ̀ lé e. Gẹ́gẹ́ bí Màmá Onígíláàsì ṣe wí.

Ẹtì, 19

Wọ́n gba káàdì mi ní géètì. Iṣẹ́ mi tán.

Ọjọ́ Ajé, 22

Ilé iṣẹ́ ti lọ fi Bọ̀ọ̀dá Reuben sùn lọ́dọ̀ ọlọ́pàá, pé ó fi fọ́ọ̀mù irọ́ tan wọ́n jẹ. Wọ́n pè é láàárọ̀ yìí. Aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì ló wọ̀. Mo tẹ̀ lé e. Mo ti to ọ̀rọ̀ mi láti ọ̀nà: bí mo ṣe mú ìwé náà wá, bí n kò ṣe kà á.

Kí n tó la ẹnu, ó ti bọ́ síwájú mi. Ó ní, "Èmi ni. Mo mọ ohun tó wà nínú ìwé yẹn kí n tó buwọ́ lù ú. Àbúrò mi ò mọ nǹkan kan."

Mo kígbe. Mo ní irọ́ ni, kò lè ka gẹ̀ẹ́sì, èmi ni. Sájẹ́ǹtì ò gbójú sókè. Ó ní, "Màdáámú, ẹ jẹ́ ká ṣiṣẹ́ wa. Ọkùnrin náà ti jẹ́wọ́." Wọ́n gba bẹ́líìtì rẹ̀, wọ́n gba bàtà rẹ̀. Síbẹ̀ ó yíjú sí mi, ó ní kí n lọ sílé, kí n lọ jẹun.

Orí bẹ́ǹṣì wọn ni mo ti ń kọ èyí. Wọ́n ní mo lè máa lọ, ẹnikẹ́ni ò bi mí ní nǹkan kan.

N kò lọ.