Gẹ̀ẹ́sì Wúruwùru Tó Gba Oko Yín Là

Bàbá mi àtàtà,

Oko ẹ̀bá odò Owena wà síbẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ gbọ́ nìyẹn, kí ọkàn yín lè balẹ̀ kí n tó máa ròyìn. Wọn ò gé igi kan ṣoṣo níbẹ̀. Èmi ọmọbìnrin yín, tí ẹ máa ń sọ pé ẹnu mi kì í sinmi, ni mo fi Gẹ̀ẹ́sì dá wọn padà.

Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Gẹ̀ẹ́sì náà kò dára rárá. Ká ní tíṣà tó ń kọ́ yín gbọ́ ọ ni, íǹkì pupa rẹ̀ ì bá tán lọ́jọ́ náà.

Mo ṣì rántí ìwé yín, èyí tó máa ń wà nínú àpò dàńṣíkí yín títí tí etí rẹ̀ fi ká. Gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì kan lọ́sẹ̀. Ẹ ó fi pẹ́ńsù kan ahọ́n, ẹ ó kọ ọ́, ẹ ó pa á rẹ́, ẹ ó tún un kọ, títí di ọjọ́ Sátidé tí ẹ ó gbé e lọ bá tíṣà ní Aládé. Bó bá fi íǹkì pupa kàn án, inú yín ò ní dùn títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì yóò fi mọ́. Bí kò bá fi kàn án, ẹ ó kà á fún wa nídìí oúnjẹ, a ó sì pàtẹ́wọ́. Ọdún mẹ́rin gbáko lẹ fi ṣe é. Ṣùgbọ́n, Bàbá, ta lẹ fi Gẹ̀ẹ́sì náà bá sọ̀rọ̀ rí?

Lẹ́yìn náà ni ọjọ́ burúkú yẹn dé sí oko wa ti Aládé. Làmídì ará Ìwó, tí ẹ jọ ń pín kòkó, ti fi ẹfun sàmì sára àwọn igi tó jẹ́ ìpín tirẹ̀, bí wọ́n ṣe ń ṣe lọ́dọọdún. Àṣé ọ̀dà funfun ni àwọn tó ń wá àrùn kòkó kiri fi ń sàmì sí igi tí wọ́n máa gé. Bí òyìnbó ìjọba tó ń darí wọn àtàwọn agégi rẹ̀ ṣe wọlé, igi Làmídì ni wọ́n dojú kọ. Ará òdìkejì odò Ọya ni àwọn agégi yẹn, wọn ò gbọ́ Yorùbá. Gbogbo ará oko bá yíjú sí yín, torí ẹ̀yin lẹ ní Gẹ̀ẹ́sì. Mo dúró tì yín. Mo rí i tí ètè yín ń mì, tí ẹ ń to ọ̀rọ̀ náà, tí ẹ ń tú u, tí ẹ tún ń tò ó. Kí ẹ tó la ẹnu, igi ti wó tán. Oòrùn wá ń pa wá níbi tí a kì í ti í rí oòrùn.

Mo bínú sí yín nígbà yẹn. Mi ò sọ ọ́, ṣùgbọ́n mo bínú, ó sì ń dùn mí báyìí pé mo ṣe bẹ́ẹ̀. Ìtìjú ọjọ́ yẹn ló pa yín, kí wọ́n máa pè é ní ibà.

Nígbà tí a sin yín tán, mo pinnu pé tèmi ò ní rí bẹ́ẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan dé sí ilé ìgbẹ̀bí ní Aládé, ọmọ Ìbò ni, kò gbọ́ Yorùbá kankan. Mò ń bá a pọnmi, mò ń bá a fọṣọ, mo sì ń da Gẹ̀ẹ́sì bò ó láti àárọ̀ dalẹ́. Mi ò tò ó, mi ò yẹ̀ ẹ́ wò. Mo sọ fún un pé ewúrẹ́ wa ló bí mi. Mo fẹ́ pè é wá jẹun lọ́dọ̀ ìyá mi lọ́jọ́ Àìkú, àfi bí mo ṣe ní kó wá jẹ ìyá mi. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó sọ ọ́ fún mi bó ṣe yẹ, mo sì tún ṣi òmíràn sọ. Gẹ̀ẹ́sì tí ẹ ń fi ọdún kan tò, mo ti ń sọ ọ́ tán kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná. Nígbà tó fi máa pé ọdún méjì, mo ti ṣi ọ̀rọ̀ sọ débi pé kò tì mí lójú mọ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n tún dé, oko Owena ló kàn. Làmídì sì tún ti fi ẹfun sàmì, ẹ mọ̀ ọ́n, ọwọ́ rẹ̀ ti mọ́ ọn. Àáké ti wà lókè nígbà tí mo bọ́ síwájú òyìnbó náà. Mo ní igi ò ṣàìsàn, ẹfun ló ń ṣàìsàn. Mo ní Làmídì ni funfun. Òyìnbó wo Làmídì, ẹni tó dúdú bí ìdí ìkòkò. Mo ní bàbá mi kú, igi má kú. Kò sí èyí tó gún nínú wọn, ṣùgbọ́n mi ò dákẹ́. Mo fi ọwọ́ nu ẹfun náà, mo na ọwọ́ náà sí i, mo sì ń sọ lọ. Ó gbé ọwọ́ sókè, àáké dúró. Ó fi ìka tirẹ̀ ha ẹfun náà, ó rí i pé kì í ṣe ọ̀dà, ó rẹ́rìn-ín, ó sì kó àwọn èèyàn rẹ̀ lọ.

Àná ni mo tó lè ṣí ìwé yín. Ohun tí ẹ fẹ́ bá òyìnbó sọ lọ́jọ́ yẹn ni gbólóhùn tó kẹ́yìn níbẹ̀. Ẹ ti parí rẹ̀. Ó gún régé, kò sí íǹkì pupa lára rẹ̀. Mo jókòó sídìí kòkó, mo sunkún fún yín.

Ohun kan ṣoṣo ló kù tó ń dùn mí. Láàárọ̀ ọjọ́ tí ẹ kú, ẹ di ọwọ́ mi mú, ètè yín sì bẹ̀rẹ̀ sí í mì bíi tọjọ́ oko yẹn. Yorùbá lẹ fẹ́ sọ, àbí? Èmi ọmọ yín lẹ fẹ́ bá sọ̀rọ̀. Kí ló dé tí ẹ ń tò ó? Mi ò kúkú ní íǹkì pupa lọ́wọ́. Bó ti wù kó rí wúruwùru tó, ǹ bá gbà á.

Kí tèmi má baà rí bẹ́ẹ̀, mo sọ ọ́ báyìí láìtò ó: mo fẹ́ràn yín, àárò yín ń sọ mí, mo bínú sí yín, mi ò bínú mọ́, oko yín wà níbẹ̀.

Èmi ni,
ọmọbìnrin yín tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi.