Ẹ̀sùn Tí Mo Fi Ránṣẹ́ Sáwọn Ọ̀gá Rẹ

Alákọ̀wé mi, ọmọ tí mo bí tí inú mi dùn,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé ara le? Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí iṣẹ́ gbà ọ́ lọ́wọ́ wa o. Èmi ṣì ń rán aṣọ lọ, ẹsẹ̀ mi ṣì ń tẹ ẹ̀rọ. Ìyá rẹ náà wà, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí o ti ń sọ pé o ń bọ̀ tí a kò rí ọ, kò sẹ́ni tó máa kan ilẹ̀kùn tí òun kò ní sáré dìde. Má sọ pé èmi ni mo sọ o.

Kọ̀ǹpútà tí o fi rán awakọ̀ dé láyọ̀. O ní ilé iṣẹ́ yín ló ṣe ohun tí kọ̀ǹpútà náà fi ń ronú, pé ó ń sọ èdè wa, pé ẹ kò tíì gbé e jáde fún aráyé, kí á bá yín dán an wò ná. Ó yé mi kíá. Aṣọ tí a ṣì fi abẹ́rẹ́ ọwọ́ so pọ̀ ni, tí ẹ̀rọ kò tíì kàn. Oníbàárà á wọ̀ ọ́, á yí síwá sẹ́yìn, á gbé apá sókè, á sọ ibi tó ti fún un. Oníbàárà mi tó bá dákẹ́ lọ́jọ́ yẹn, n kì í gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ mọ́.

Mo bá jókòó tì í. Háà, ọmọ yìí! Aago tó wà ní igun ojú kọ̀ǹpútà náà lánàá ti bọ́ sáàárín lónìí, mo sì ti ń bá ìyá rẹ jà pé ta ló ní kó nu ojú rẹ̀ débi tí aago fi sún. Nígbà tó yá kọ̀ǹpútà náà dákẹ́ lójijì, mo rò pé ó rẹ̀ ẹ́ ni, mo fi aṣọ bò ó kó sinmi. Bó ṣe jí, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé, Ẹ má bínú, nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Mo ní kí ló ṣẹlẹ̀? Ohun kan náà ló tún kọ. Ìyá rẹ ní òun mọ ẹni tó kọ́ kọ̀ǹpútà náà nírú èsì yẹn, pé bí o ṣe ń dá òun lóhùn lórí fóònù nìyẹn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà rèé. Ó bi mí pé kí ni kò ṣiṣẹ́ dáadáa, kí n má fi bò. Mo wọ awò ojú mi, mo fi ìka kan tẹ̀ ẹ́ títí ọrùn fi ń ro mí. Mo ní kò sí ohun tó ṣe iṣẹ́ yín, ẹni tó ṣe é ló kù díẹ̀ káàtó. Mo ní ọmọbìnrin mi ni, ó mọ̀wé, ó níwà, ṣùgbọ́n kì í wá sílé, bí a bá pè é, ìpàdé ló wà, bó bá sì pè wá, á ti fẹ́ máa lọ. Mo ní kí wọ́n bá wa tún ibẹ̀ ṣe kí wọ́n tó gbé e jáde, torí bí aráyé bá ti rà á tán, ta ni yóò tún ráyè tiwa?

N kò tíì gbọ́wọ́ kúrò tí wọ́n fi fèsì! Wọ́n dúpẹ́ gan-an, wọ́n ní àwọn ti fi lé ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn lọ́wọ́, yóò sì yanjú rẹ̀ láìpẹ́. Káfíńtà aládùúgbò wa, Mo-Ti-Gbọ́, ní kọ̀ǹpútà ló dá ara rẹ̀ fèsì, pé kò sí ọ̀gá kankan tó rí i. Mo ní kó lọ máa fá pákó rẹ̀. Ọ̀gá tó dúpẹ́ lọ́wọ́ èèyàn báyẹn, ọmọlúàbí ni.

Mo ti sọ fún ìyá rẹ pé o ń bọ̀; ó ti sá fóòmù rẹ sóòrùn, ó ti fọ aṣọ fèrèsé yàrá rẹ, ó sì ń kọrin. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ orin lẹ́nu rẹ̀. Ìwọ ni ọ̀rọ̀ kàn, àbí a bí òmíràn ni?

Òwú mi ti tán, bẹ́líìtì ẹ̀rọ mi sì ti gbó, nítorí náà jọ̀ọ́, wá owó díẹ̀ fún mi. Má fi rán awakọ̀, má sì fi sí báńkì. Fi ọwọ́ ara rẹ gbé e wá. Ọ̀nà á là fún ọ, ẹsẹ̀ rẹ kò ní kọ, a ó fi ayọ̀ rí ara wa.

Èmi ni bàbá rẹ, tí kò fẹ́ di òpùrọ́ lójú ìyá rẹ.