Má Pa Kọ̀ǹpútà Bàbá

Àbúrò mi,

Jọ̀ọ́, má pa kọ̀ǹpútà Bàbá, má sì yọ wáyà rẹ̀. Ó ń tún ara rẹ̀ ṣe lọ́wọ́ ni. Èmi ni mo bà á jẹ́. Láàárọ̀ yìí ni mo ní kí n bá wọn gbá pàǹtírí inú rẹ̀ dànù, ni mo bá pa àwọn fáìlì tí a kì í fọwọ́ kàn rẹ́. Bó ṣe yadi nìyẹn, òun sì ni ojú tí Bàbá tí kò ríran fi ń kàwé.

Mo fẹ́ dá a padà sí bó ṣe wà nígbà tí a rà á, àmọ́ ọ̀rẹ́ mi tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe pariwo lórí fóònù: "Má dán an wò! Gbogbo nǹkan tuntun tí àbúrò rẹ gbé sí i ló máa bá a lọ, àti ohùn tó ń kàwé." Ó ní kí n jẹ́ kí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ fi fáìlì tó dáa rọ́pò èyí tó bà jẹ́ nìkan. Tó bá parí, pa á, kí o tún un tàn.

Èyí tó dùn mí jù ni pé mo purọ́. Bàbá bi mí ohun tó ṣe é, mo ní iná ló lọ. Wọ́n na ọwọ́ sí fáànù tó ń fẹ́ wọn, wọ́n ní, "Ó dáa, ọmọ mi."

Iṣẹ́ kọ́ ló lé mi jáde, ìtìjú ni. Fi ẹnu ara rẹ kàwé fún wọn títí n ó fi dé. Má bá mi bẹ̀ wọ́n o. Ẹnu tó purọ́ ni yóò bẹ̀bẹ̀.