Ta Ló Ni Itọ́ Ẹnu Mi?

Bàbá mi, ọkọ ìyá mi,

Mo tún rí yín lánàá. Ẹ dúró níbi tí a ti ń dúró de ọkọ̀ ojú irin ní Upney, ẹ kọ ẹ̀yìn sí mi, ẹ wọ ẹ̀wù òtútù irú èyí tí ẹ kò wọ̀ rí láyé yín. Mo sáré débẹ̀. Bàbá Bangladesh kan ni. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú, ṣùgbọ́n ẹ̀yin ni inú ń bí mi sí. Kí ni ẹ ń wá ní Barking, ní London níbí? Ẹ kò fẹ́ràn òtútù.

Mo mọ ohun tí ẹ ń wá. Ọ̀rọ̀ itọ́ yẹn ni. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Ní ọjọ́ Ìsinmi tó ṣáájú èyí, lẹ́yìn ìwàásù, wòlíì wa kéde pé àwọn èèyàn yunifásítì kan ti wá ṣe àyẹ̀wò ara lọ́fẹ̀ẹ́ fún gbogbo ìjọ, kí ẹnikẹ́ni má lọ sílé. Ó gbàdúrà sórí àwọn ike kéékèèké tí wọ́n tò sórí tábìlì. Kò pẹ́ tí àwọn ìyá ìjọ fi tò, nínú sùtánà funfun wọn, wọ́n ń tutọ́ sínú ike bí ẹni ń rú ẹbọ ọpẹ́. Ìyá Sámúẹ́lì tiẹ̀ ń bèèrè bóyá wọ́n máa sọ ohun tó ń ṣe orúnkún òun. Ṣọ́ọ̀ṣì wa níbí dà bíi tilé, a kì í wọ bàtà wọlé. Láti ìgbà tí ẹ ti lọ, ẹsẹ̀ àwọn èèyàn ni mo máa ń wò bí wọ́n bá ń jó. Bákan náà ni ní ṣọ́ọ̀bù bàtà tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Vicarage Field. Ẹsẹ̀ tó wú ni mo ń wá, n kò mọ ohun tí mo fẹ́ fi ṣe.

Tèmítọ́pẹ́ ni orúkọ ọmọbìnrin tó ń gba itọ́ náà, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí ìlú yìí. Mo lọ bá a, mo bi í níṣojú gbogbo èèyàn bóyá àyẹ̀wò ni tàbí ìwádìí.

“Research ni, Brother,” ó ní. “Ìwádìí ni. A ò lè sọ fún ẹnì kankan bí ara ẹ̀ ṣe rí. Mo explain ẹ̀ fún wòlíì o, I swear.”

“Ṣàlàyé ẹ̀ fún wọn. Àwọn ló ń tutọ́.”

Wòlíì wò mí láti òkè délẹ̀. “Ìwọ ọmọ yìí, ṣé ìwọ nìkan ló kàwé ni?”

“Rárá, bàbá. Ilé ìwé abúlé ni mo lọ. Ìdí tí mo fi ń bèèrè nìyẹn.”

Ojú ti Tèmítọ́pẹ́. Ó dìde, ó sì ṣàlàyé. Ó ní àìsàn kíndìnrín ni wọ́n ń wádìí láàárín àwa èèyàn dúdú, torí ara àwọn òyìnbó ni wọ́n ti ń wò jù látẹ̀yìn wá. Ó ní ẹni tí kò bá fẹ́, kò sí ọ̀ràn, ẹni tó bá sì ti tutọ́ lè gbà á padà. Àwọn kan gba ike wọn. Ìyá Sámúẹ́lì ní òun kì í gba ọrẹ padà lọ́wọ́ Olúwa, àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín.

Èmi kò lè rẹ́rìn-ín. Mo ti gbọ́ orúkọ àìsàn tí ẹ ní kí n má dá láé.

Bàbá, nígbà tí ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n yín wú tó sì kú, ẹ sọ fún abúlé pé oògùn ló tẹ̀ lóko. Nígbà tó kan tiyín, tí ẹ máa ń fi àtàǹpàkò tẹ ojúgun yín láàárọ̀ tí ojú ibẹ̀ kì í tètè kún, ẹ ní kí a sọ ohun kan náà. Mo mọ ìdí rẹ̀. Ilé tí ọ̀tá bá ṣe níbi, wọ́n á ṣàánú wọn. Ilé tí àìsàn bá wà nínú ẹ̀jẹ̀ wọn, bí àwọn tó ń wá ìyàwó bá ti wádìí débẹ̀, wọ́n á pẹ̀yìn dà. Bọ́sẹ̀ ọmọ yín lẹ ń rò. Dókítà sọ òótọ́ fún wa, èmi pẹ̀lú yín, ẹ sì mú kí n búra lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Mo búra. Ṣé ẹ kò ronú kan èmi náà, pé ẹsẹ̀ ni mo fi ń rìn?

Mo bi Tèmítọ́pẹ́ pé bí mo bá tutọ́, ṣé itọ́ tèmi nìkan ni.

“Honestly? Rárá,” ó ní. “A máa yọ orúkọ yín kúrò. But ohun tó bá wà lára yín, ó lè wà lára àwọn àbúrò yín náà. I can't lie to you.”

Mo ní màá padà wá.

Mo fẹ́ tutọ́, Bàbá. Mo rò pé ká ní ẹnì kan ti wádìí àìsàn yìí nígbà kan rí, bóyá ẹ̀yin ni ẹ̀ bá máa bú mi lórí fóònù báyìí. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì mi, mo pè yín, mo ní kí ẹ fún mi láṣẹ. Òórùn òrí tí a fi ń pa yín lẹ́sẹ̀ nìkan ni mo gbọ́.

Ni mo bá pe Bọ́sẹ̀, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un, títí kan pé mo ti bi yín.

“Ẹ̀gbọ́n mi,” ó ní, “ẹ ti mọ̀ látìgbà yẹn?”

“Bàbá ló ní kí n má sọ.”

“Gbogbo òru ìṣọ́ ni mo fi ń gégùn-ún fún ẹni tó sin oògùn sóko. Èmi ń gégùn-ún fún ẹni tí kò sí.”

Mo bẹ̀ ẹ́. N kò mọ ohun mìíràn tí mo lè ṣe.

“Ẹ má tutọ́ yẹn o,” ó ní. “Àwọn ará ilé Kúnlé ń bọ̀ wá tọrọ mi. Màá sọ fún un fúnra mi, nígbà tí mo bá ṣe tán.”

“Wọ́n á yọ orúkọ mi kúrò, Bọ́sẹ̀. Kúnlé kò ní gbọ́.”

“Mo gbọ́. Ẹ ti lọ gbàṣẹ lọ́wọ́ òkú kí ẹ tó rántí mi. Èmi tí mo wà láàyè ní rárá.”

Ẹ mọ̀ mí, olórí kunkun ni mí. Ṣùgbọ́n mo gbà fún un.

Lónìí tí wọ́n padà wá sí ṣọ́ọ̀ṣì, mo sọ fún Tèmítọ́pẹ́ pé n kò ṣe. “No problem, Brother. Ẹ ṣé gan-an,” ó ní, ó sì kọjú sí ẹlòmíì. Mo ṣì dúró níbẹ̀ díẹ̀. Mo fẹ́ kó bẹ̀ mí. Kò bẹ̀ mí.

Ṣùgbọ́n ní Ọjọ́bọ̀, mò ń gbé ara mi lọ bá dókítà, kì í ṣe torí ìwádìí ẹnikẹ́ni. Bọ́sẹ̀ fọwọ́ sí ìyẹn, ó ní òun náà yóò lọ nílé. Dókítà máa bi mí ohun tó pa bàbá mi, màá sì sọ ọ́. Mo mọ̀ pé ẹ máa wà nínú yàrá náà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dì mí lẹ́nu. Ẹ kàn jókòó tì mí.

Èmi ni, àkọ́bí yín, tó fẹ́ràn yín bí ẹ kò tilẹ̀ dáhùn.