Àlejò Tó Dúró Lójú Fèrèsé

Ojú Ọrẹ, Ọ̀tà,
Ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹsàn-án, 1952.

Mùkáílà ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà ní Èbúté Mẹ́ta? Ṣé ara ìyàwó rẹ le, ṣé iṣẹ́ rélùwéè kò wọ̀ ọ́ lọ́rùn jù? Ọlọ́run tó ń ṣọ́ ọ lójú irin kò ní sùn lórí rẹ. Àwa náà ń mí nílé, a dúpẹ́. Ìyá rẹ ní kí n kí ọ. Òrùlé ẹ̀yìnkùlé ń jò, ewúrẹ́ wa bí mẹ́ta, ọ̀kan kú. Ìròyìn tó kù nínú ìwé yìí kò dára, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí o kà á ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí mo ṣe tò ó, nítorí bí káfíńtà bá fo ìgbésẹ̀ kan, ìlẹ̀kùn kò ní pa dé.

Ìyá àgbà, ìyá tó bí mi lọ́mọ, kò jẹun mọ́.

Jẹ́ kí n ṣàlàyé láti ìbẹ̀rẹ̀. O rántí pé ìgbà ọyẹ́ tó kọjá ni iyè Ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í lọ, tó fi di pé kò mọ̀ mí mọ́. Baba káfíńtà ló ń pè mí, ó sì máa ń béèrè lọ́wọ́ ìyá rẹ pé ìgbà wo ni baba káfíńtà yìí máa parí iṣẹ́ rẹ̀ kí ó lè máa lọ sílé rẹ̀. Oṣù mẹ́jọ nìyẹn. Èmi wà nídìí igi, ìyá rẹ wà lọ́jà, kò sí ẹni tó ń jókòó ti Ìyá, o sì kọ̀wé pé kí a wá obìnrin tí yóò máa gbé pẹ̀lú rẹ̀ nínú ilé, tí yóò máa wẹ̀ ẹ́, tí yóò máa bọ́ ọ. A gbọ́. Àdìzát, opó kan láti Ìtẹ̀lé, la kọ́kọ́ mú. Onísùúrù èèyàn ni, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kẹta Ìyá sọ fún un pé òun kò rántí pé ọmọ òun kankan gbé ìyàwó tuntun wọlé, pé bó bá jẹ́ ìyàwó ilé ni, kí ó kúnlẹ̀, bí kò bá sì jẹ́ ìyàwó ilé, kí ló ń wá nídìí aṣọ òun. Àdìzát kúnlẹ̀. Ìyá ní ìkúnlẹ̀ rẹ̀ kò dénú. Ó di ẹrù rẹ̀, ó lọ.

Ìgbà náà ni lẹ́tà rẹ dé, pẹ̀lú fọ́ọ̀mù òyìnbó láti ọ́fíìsì tó ń báni wá olùtọ́jú aláìsàn, àti fọ́tò obìnrin tó ń jẹ́ Morónfólú, tó ti ṣe nọ́ọ̀sì rí. O ní kí a wò ó bóyá ó tẹ́ wa lọ́rùn, kí a kọ fọ́ọ̀mù, kí a sì dá gbogbo rẹ̀ padà. Mo ṣe fọ́ọ̀mù náà bó ṣe yẹ. Níbi tí wọ́n ti béèrè bí aláìsàn ṣe wúwo tó, mo gbé Ìyá lọ sórí òṣùwọ̀n Láwàlì tó ń ra èkùrọ́. Ó jókòó jẹ́ẹ́ níbi tí wọ́n ń gbé àpò lé, ó wọn pọ́n-ùn méjìdínláàádọ́rùn-ún. Láwàlì fẹ́ yọ méjì kúrò fún omi, bí àṣà wọn, mo ní kí ó má yọ ọ́, Ìyá kò tutù. Níbi tí wọ́n ti ní kí ẹnikẹ́ni má kọ nǹkan kan sí, mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọ nǹkan kan sí i, mo tiẹ̀ fi aṣọ bò ó nígbà tí àwọn ọmọ Bàdírù aládùúgbò wa wá kí wa.

Fọ́tò nìkan ni mi ò dá padà. Bó ṣe yé mi ni pé àwòrán ni àwọn òyìnbó ń rán ṣáájú kí ojú lè mọra, bí àwa náà ṣe máa ń gbé ẹrù ìyàwó wọlé kí ìyàwó tó dé. Kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ẹni tó ń bọ̀ wá gbé pẹ̀lú èèyàn kò sì yẹ kó mọ níwọ̀n àtẹ́lẹwọ́, nítorí náà mo gbé e lọ fún Jìbírílù onífọ́tò, ó sọ ọ́ di ńlá títí ojú fi tó ojú. Ó ní láti orí dé àyà ni ibi tí bébà òun lè gbé.

Mo wá ṣe férémù fún un. Igi ìrókò ni mo lò. Ọdún mẹ́fà ni mo fi kọ́ṣẹ́ ní ọgbà iṣẹ́ ìjọba, ọ̀nà kan ṣoṣo tó dára tí wọ́n fi kọ́ wa láti ṣe férémù ni ti fèrèsé: òpó méjì, ìdábùú méjì, pákó ìsàlẹ̀ tó yọ síta díẹ̀ kí òjò má baà wọlé, àti ìlẹ̀kùn pẹlẹbẹ méjì tó ń ṣí sí ọ̀tún àti òsì. Mo kàn án mọ́ ògiri tó kọjú sí ẹsẹ̀ ẹní Ìyá, kì í ṣe apá gábàsì, kí ó má baà dà bíi pé òun là ń kírun sí. Mo wọn gíga rẹ̀ láti ilẹ̀, ó bá ojú obìnrin tó wà lóòró mu gẹ́lẹ́. Ìyá rẹ wò ó títí, ó ní Bàbá Mùkáílà, fèrèsé yín yìí ti dára jù. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìyá rí i, ó rẹ́rìn-ín. Kò rìn jáde mọ́, kò bú ẹnikẹ́ni mọ́. Láti àárọ̀ ló ń bá a tàkùrọ̀sọ, ó ń ròyìn fún un bí òun ṣe ń pọnmi fún àwọn tó la ojú irin nígbà tí òun wà lọ́mọge. Mo sọ fún ìyá rẹ pé òṣìṣẹ́ tó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kí ó tó dé, irú rẹ̀ ṣọ̀wọ́n.

Lẹ́yìn náà ni oúnjẹ dé. O mọ Ìyá. Láti ọjọ́ tí mo ti gbọ́njú, kò fi òkèlè kan sẹ́nu rí lójú ẹni tó wà lórí ìdúró kí ó má kọ́kọ́ pè é wá jẹun. Ẹni náà lè má jẹ, ṣùgbọ́n yóò dáhùn pé á gba ibi ire, ìgbà náà ni Ìyá yóò tó fọwọ́ kan àwo. Orúkọ mi ti kúrò lórí rẹ̀, ti bàbá mi ti kúrò, èyí kò kúrò. Ó gbé àwo ẹ̀kọ, ó kọjú sí ògiri, ó ní ọmọ mi, o ò ṣe wọlé, òjò á pa ọ́ níta, wá jẹun. Morónfólú kò dáhùn. Ó tún pè é. Ó rọra gbé àwo sílẹ̀, ó ní irú ilé wo tiẹ̀ la wà yìí, tí àlejò dúró lójú fèrèsé láti àárọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò ṣílẹ̀kùn fún un.

Gbogbo ohun tí mo mọ̀ ni mo ti ṣe. Mo pa ìlẹ̀kùn férémù náà dé lásìkò oúnjẹ, Ìyá sunkún, ó ní ṣé báyìí la ṣe ń tìlẹ̀kùn mọ́ àlejò lójú ní Ọ̀tà. Mo sọ férémù náà kalẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà méjì kí obìnrin náà lè dà bí ẹni tó jókòó, Ìyá béèrè pé ta ló rì í mọ́lẹ̀ dé àyà. Mo yọ ọ́ kúrò pátápátá, mo gbé e sábẹ́ tábìlì iṣẹ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà Ìyá gbé àwo oúnjẹ rẹ̀, ó jáde lọ wá àlejò tí ebi lé lọ. Awakọ̀ lọ́rì kan ló gbé e padà wá fún wa. Ó ní ojú ọ̀nà Ìdìròkó ni òun ti bá a, tó ń nawọ́ àwo sí gbogbo ọkọ̀ tó ń kọjá. Mo kan fọ́tò padà síbi tó wà.

Ní Jímọ̀ tó kọjá, mo ronú kan ọ̀nà tó kù. Mo lọ dúró níta lẹ́yìn ògiri náà, níbi tí ẹnu Morónfólú wà gẹ́lẹ́, mo ti wọ̀n ọ́n. Nígbà tí Ìyá pè é wá jẹun, mo mú ohùn mi tín-ín-rín bí ti obìnrin, mo ní á gba ibi ire o, Ìyá. Mo wá gbọ́ ohùn Ìyá, ó ní Àmọ̀dá, ìwọ ọmọ yìí, kí lo ń ṣe lẹ́yìnkùlé bí ẹni tó fẹ́ jí adìẹ, tí àlejò wà lórí ìdúró tí o kò gbé àga fún un.

Mùkáílà, oṣù mẹ́jọ nìyẹn tí Ìyá ti pe orúkọ mi kẹ́yìn. Mo sáré yí ilé po, mo wọ yàrá, mo dọ̀bálẹ̀, mo ní Ìyá, èmi rèé. Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. Ó ní baba káfíńtà, ẹ dìde nílẹ̀, ẹ bá mi sọ fún ọmọ mi Àmọ̀dá tó wà níta pé kí ó gbé àga wá.

Mo gbé àga jáde. Mo gbé e sábẹ́ ògiri, mo jókòó lé e. Kò sí bí Ìyá ṣe lè rí mi níbẹ̀.

Kò jẹun lọ́jọ́ náà. Omi ọ̀gì ni ìyá rẹ ń kán sí i lẹ́nu nígbà tó bá ń tòògbé, ọ̀sẹ̀ kẹta rèé tó ti kọ oúnjẹ. Lánàá mo tún gbé e lọ sórí òṣùwọ̀n. Pọ́n-ùn méjìléláàádọ́rin. Láwàlì kò sọ pé òun fẹ́ yọ nǹkan kan fún omi.

Lẹ́tà rẹ tó dé lọ́jọ́ Ajé ti jẹ́ kó yé mi pé fọ́ọ̀mù tí kò ní fọ́tò kì í ṣe fọ́ọ̀mù lójú àwọn ará ọ́fíìsì yẹn, pé wọ́n ti fún Morónfólú níṣẹ́ níbòmíràn, kò lè wá mọ́. Ẹ̀bi mi ni. Mi ò ní kí o lọ bá a jà. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún rèé, fara balẹ̀ kà á. Lọ bẹ̀ ẹ́ kí ó bá ọ dé ọ̀dọ̀ onífọ́tò nínú aṣọ funfun kan náà tó wọ̀ nínú fọ́tò. Kí ó jókòó. Kí ẹ gbé ẹ̀kọ gidi àti ẹ̀fọ́ síwájú rẹ̀, kí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ wà nínú àwo, kí nǹkan wà lẹ́nu rẹ̀ tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ yóò fi yọ díẹ̀. Àga tó bá jókòó lé, kí gbogbo rẹ̀ hàn nínú fọ́tò, kí Ìyá lè rí i pé Àmọ̀dá gbé àga wá. Mo ti gé igi férémù kejì. Èyí kò ní nílẹ̀kùn.

Fi owó díẹ̀ lé e tí o bá ń fi ránṣẹ́, fún Jìbírílù tí yóò sọ ọ́ di ńlá àti fún mílíìkì alágolo. Tí kò bá sí, fọ́tò náà ni kí o kọ́kọ́ fi ránṣẹ́, kí ó má pẹ́.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí o pe èèyàn wá jẹun kí ó má dá ọ lóhùn. Ojú rẹ kò ní ṣàjèjì sí ẹni tó bí ọ, ojú ọmọ rẹ kò sì ní ṣàjèjì sí ọ. Wọn kò ní máa wá ọ níta nígbà tí o bá wà nínú ilé. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ,
Àmọ̀dá káfíńtà.